Láítà Ọkọ̀ Ogun ní Ìlódè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé wa ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó ti àwo ńlá, wọ́n á máa sẹ́ ògì, omi á máa ro ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ gba inú aṣọ asẹ́. Kí wọ́n tó sẹ́ ẹ tán, ìyá mi á ti gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì ìránṣọ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, títí ti àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Láàárín ariwo méjèèjì yìí ni èmi, Àjíkẹ́, ti máa ń gbá àgbàlá, tí màá fọ abọ́, tí màá sì pọn omi ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó lọ sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ èyí. Wọ́n ní ọdọọdún ni mò ń fi ìgbà kan kún un. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

A ò pọ̀ nínú ilé náà. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, Bàbá Àgbà sì máa ń wá láti oko. Bàbá Àgbà kì í ṣe ọkọ Ìyá Àgbà o. Àbúrò ọkọ wọn tó ti ṣaláìsí ni, àwọn sì ni olórí ilé. Abà kòkó ni wọ́n máa ń wà láti ọ̀sán Sọ́ńdè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, a ó ti gbọ́ ikọ́ wọn láti ojú ọ̀nà kí a tó rí wọn, nítorí ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ìyá Àgbà kórìíra èéfín tábà ju bí wọ́n ṣe kórìíra olè lọ. Wọ́n á ní, “Ọkọ mi, ẹ gbé èéfín yín lọ sẹ́yìnkùlé, ògì mi ti ń rùn.” Bàbá Àgbà á ní, “Ìyàwó wa, ṣé àwọn tó ń ra ògì yín wá bá mi fẹjọ́ sùn ni?” Ṣùgbọ́n wọ́n á dìde, wọ́n á lọ sẹ́yìnkùlé. Èdè Ifẹ̀ gidi ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ síra wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìgbà tí ìjà bá jẹ́ ìjà àti ìgbà tó bá jẹ́ eré. Èdè tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni màá fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí.

Bàbá mi ni kò sí nílé. Iṣẹ́ néfì ni wọ́n ń ṣe, inú ọkọ̀ ogun ojú omi ni wọ́n ń gbé. Wàhálà lèyí máa ń dá sílẹ̀ fún mi nílé ìwé, nítorí àwọn ọmọ tí kò rí omi tó ju odò tí a ti ń fọṣọ lọ kò lè gbà pé irin lè léfòó. Wọ́n ní òpùrọ́ ni mí. Mo bá ẹni méjì jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn ti di pásítọ̀ báyìí, a ṣì máa ń kí ara wa. Ẹ̀ẹ̀méjì lọ́dún ni bàbá mi ń gba ìsinmi wá sílé. Ìyá mi á gún iyán, Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n pa àkùkọ, ẹnu ọ̀nà á kún fún àwọn tó wá kí wọn. Tí a bá jẹun tán, tí àlejò bá ti dín kù, bàbá mi á gbé agolo bisikíìtì kan jáde nínú àpò wọn, èmi á sì ti jókòó sẹ́sẹ̀ wọn kí wọ́n tó ṣí i.

Láítà ló kún inú agolo náà. Bàbá mi kì í mu sìgá. Ìyá Àgbà kò gbà bẹ́ẹ̀ títí ayé, wọ́n ní kí ni ẹni tí kì í mu sìgá fẹ́ fi láítà ṣe, wọ́n sì ti ju ọ̀kan sínú ṣáláńgá rí kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣàlàyé fún mi pé kò sí atukọ̀ tí kò ní láítà, yálà ó ń mu sìgá tàbí kò mu ún, nítorí afẹ́fẹ́ òkun máa ń pa ìṣáná kó tó ràn, kò sì lè pa láítà onírin yẹn. Ọkọ̀ ogun kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwòrán ọkọ̀ náà àti orúkọ rẹ̀ á wà lára láítà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ń mú kiri. Tí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé ní èbúté kan, àwọn atukọ̀ á ṣe pàṣípààrọ̀: fún mi ní tìrẹ, gba tèmi. Báyìí ni láítà àwọn ará Bùràsíìlì, ti Íńdíà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Gánà ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìlódè.

Inú agolo yẹn ni mo ti kọ́ ìtàn ọkọ̀ ogun, kì í ṣe nínú ìwé. Bàbá mi á to àwọn láítà náà sórí ẹní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ onígi sí lára. Wọ́n ní igi ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ogun nígbà láéláé, afẹ́fẹ́ ló ń ti ìgbòkun rẹ̀, ìbọn àgbá ni wọ́n tò sí ìhà rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀tù ìbọn kún inú ọkọ̀ náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná bó ṣe wù ú. Okùn kan ni wọ́n ń jẹ́ kó máa jó díẹ̀díẹ̀ lórí garawa omi, níbẹ̀ ni gbogbo atukọ̀ tó bá fẹ́ mu tábà ti ń lọ gba iná. “Tí Bàbá Àgbà bá wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” ni mo bi wọ́n. Wọ́n ní wọn kì bá tí kúrò nídìí okùn náà. Lẹ́yìn igi, irin dé. Èédú ni ọkọ̀ irin ń jẹ, àwọn ọkùnrin á wà nísàlẹ̀ nínú ooru, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná tọ̀sán tòru, wọn ò ní rí òkun tí wọ́n ń là kọjá. Lẹ́yìn èédú, epo dé. Nígbà tí orílẹ̀-èdè tiwa náà fẹ́ ní ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ àlòkù la kọ́kọ́ rí, èyí tó ti jagun fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà tuntun, tí wọ́n fi àsíá wa sí i. Irú ọkọ̀ àlòkù bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wà. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bú u. Wọ́n ní tó bá ń gun ìgbì, ó máa ń kérora.

Láítà ọkọ̀ àlòkù yẹn kì í sí nínú agolo. Àpò àyà ni bàbá mi ń fi í sí. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá yọ ọ́, Bàbá Àgbà á na ọwọ́, wọ́n á ní, “Èyí ni kí o fún mi. Ó wúwo dáadáa lọ́wọ́.” Bàbá mi á ní, “Bàbá, èyí kọ́. Nọ́ńbà mi wà nídìí rẹ̀.” Wọ́n á dà á dé láti fi hàn wá. Nọ́ńbà iṣẹ́ wọn ni wọ́n fín síbẹ̀, mo sì mọ nọ́ńbà yẹn sórí ju ìsọdipúpọ̀ méje lọ. Ìgbà kan ni mo béèrè ìdí tí wọ́n fi fín in. Bàbá mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá mi lóhùn, mo sì ti bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé ó yẹ kí wọ́n rò ó. Wọ́n ní tí atukọ̀ bá kú sójú omi, inú òkun ni wọ́n ń sin ín sí, kò sí sàréè tí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀ wò. Láítà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nídìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa mú, á gbé e lọ fún àgbà ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ń ṣa ọkà nítòsí, gbé orí sókè, wọ́n ní, “Irun àti èékánná tiwa náà nìyẹn, tí a ń mú bọ̀ wálé bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí i.” Gbogbo wa ní àmín. Ọ̀rọ̀ kọjá sórí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò kọjá lọ́kàn tèmi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi kọ lẹ́tà pé wọ́n ń gbé ọkọ̀ àwọn lọ sí òkè òkun fún àtúnṣe. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró. Ìyá mi ń tẹ máṣíìnì, wọn kì í ráhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dún lójú ọ̀nà ni ẹsẹ̀ wọn máa ń dúró lórí máṣíìnì. Ìyá Àgbà máa ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sídè, wọn kì í sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á. Láàárín àkókò yẹn náà ni ọmọ ilé kejì wa kú sí Kánò. Mo fi ojú mi rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn tó gbé ìròyìn wá kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Àgbà ilé ni wọ́n béèrè, wọ́n fà á wọ yàrá, ìyàwó rẹ̀ sì ń fún wọn ní omi, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ fún un. Mo bi ìyá mi pé ṣé kì í ṣe ìwà ìkà nìyẹn. Wọ́n ní rárá, pé wọ́n fún un ní ọjọ́ kan sí i ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni àlejò wá sílé wa. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá Àgbà ti padà sí abà, ìyá mi ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní Òkè-Ogbó, Ìyá Àgbà ń sùn nínú yàrá wọn, èmi nìkan ni mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mọ́tò kan dúró lójú ọ̀nà, èrò kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ tó wọ aṣọ funfun néfì. Mo dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Ẹ̀wà dà sílẹ̀. Kì í ṣe bàbá mi.

Ó ní, “Ṣé ibí ni ilé Bàbá Àgbà tó ní abà kòkó?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n wà lábà. Ó di Jímọ̀ kí wọ́n tó dé.”

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dà bí ẹni tí kò sùn. Ó ní, “Ìwọ ni Àjíkẹ́. O jọ bàbá rẹ.” Lẹ́yìn náà ó yọ áńkáṣíìfù funfun kan tí wọ́n di nǹkan sínú rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Bàbá Àgbà nìkan ni kí o fún. Má jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí i rárá, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní láti dé Ìkirun lónìí. Sátidé ni mò ń padà, màá yà, màá fi ẹnu ara mi ṣàlàyé fún wọn.” Mo fẹ́ béèrè bàbá mi. Mo ti la ẹnu. Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn èrò ń pariwo, ọkùnrin náà sáré lọ, mọ́tò sì gbéra. Mo tú áńkáṣíìfù náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Láítà ọkọ̀ àlòkù ni, mo dà á dé, mo ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, kò yí padà.

N kò sunkún. Ìyẹn ló máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Mo ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ tán, mo gbé e kaná. Ohun tí mo rí ní ilé kejì ni mo ní kí n ṣe: àgbà ilé ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kí ìyá mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Mo ti pinnu pé títí di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ọkọ ìyá mi á wà láàyè, ọmọ Ìyá Àgbà á wà láàyè, èmi nìkan ni bàbá mi máa kú fún. Mo di láítà náà padà, mo fi í sínú àpò ìwé mi, mò ń gbé e lọ sí ilé ìwé, mò ń gbé e bọ̀. Tí mo bá rántí ọmọ yẹn báyìí, ó máa ń wù mí kí n wọ inú ọdún náà lọ, kí n gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdè ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi ra aṣọ funfun kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Wọ́n ní bùbá àti ṣòkòtò bàbá mi ni àwọn fẹ́ gé, pé ara àwọn ń sọ fún àwọn pé wọn ò ní pẹ́ dé. Wọ́n ń kọrin. N kò lè fara da orin yẹn. Kí wọ́n tó lọ gbé agolo epo máṣíìnì dé, mo ti mú sísọ́ọ̀sì wọn, mo sì ti rì í mọ́ ìsàlẹ̀ igi ìdáná. Wọ́n wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, iṣẹ́ àwọn oníbàárà dúró. Nígbà tí wọ́n rí i lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n bi mí, mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí ló dé? Mo dákẹ́. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bá mi sọ èyí tó kù, ó sì dun ìyá mi ju bó ṣe dùn mí lọ, nítorí ọmọ tí kì í purọ́, tí kì í jalè, tó kàn gbé sísọ́ọ̀sì pamọ́ tí kò sì sọ ìdí rẹ̀, fífi ìyà jẹ ẹ́ kì í rọrùn. Ìyá Àgbà wo ojú mi, wọ́n ní ibà ni. Wọ́n se àgbo, mo mu àgbo kíkorò ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ fún ibà tí kò ṣe mí.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo lọ pàdé Bàbá Àgbà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ilé. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo fi ọwọ́ méjèèjì na áńkáṣíìfù náà sí wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ìyá mi.” Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n tú u. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n ń jó lójú ọ̀nà, ìkòkò tábà lẹ́nu. “Ó mú un ṣẹ! Ọmọ yìí mú un ṣẹ!” Mo rò pé orí wọn ti dàrú. Wọ́n ní bàbá mi ti ṣèlérí fún àwọn ní bòókẹ́lẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn ọkọ̀ àlòkù náà tì, tí wọ́n bá gbé àwọn lọ sínú òmíràn, Bàbá Àgbà ló ni láítà yẹn, àmọ́ kí Ìyá Àgbà má rí i, kó má bàa wọ ṣáláńgá bíi ti ìṣáájú.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ṣùgbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé tí atukọ̀ bá kú, àgbà ilé ni wọ́n ń gbé láítà rẹ̀ wá fún.”

Ẹ̀rín náà dúró. Wọ́n wo láítà, wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí ní ohun tí ọkùnrin náà sọ, mo tún un sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Kò sọ pé bàbá rẹ kí wa?” Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀. “Kò sọ pé ọkọ̀ ti fẹ̀yìn tì?” Kò sọ ọ́. Wọ́n jókòó lórí ẹrù oko wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n lè purọ́ fún mi, wọ́n lè ní kò sí nǹkan kan. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Láti Sọ́ńdè lo ti gbé e dání?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n gba àpò ìwé mi, wọ́n gbé e kọ́ èjìká tiwọn, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. “Ó ku ọ̀la. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa dúró dè é.” Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Àgbà kò mu tábà. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè nídìí oúnjẹ, wọ́n ní, “Ọkọ mi, ṣé ara yín le báyìí?” Wọ́n ní ara àwọn le, wọ́n sì gé ẹran tiwọn sínú abọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Bàbá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá mi rò pé ibà mi ló mú wọn dúró tì mí. Oòrùn ti gun òkè dáadáa kí mọ́tò tó dúró. Ọkùnrin náà kò wọ aṣọ néfì mọ́, bùbá ló wọ̀, ó gbé iṣu mẹ́ta dání, ojú rẹ̀ ti mọ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Bàbá Àgbà kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

“Ọmọ wa ńkọ́?”

“Ó wà, sà. Ó ní kí n kí yín gan-an.”

“O fi ojú ara rẹ rí i?”

Ẹnu ya ọkùnrin náà. “Ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí mo wá síbí la jọ jẹun, sà. Ó jẹ ẹran tèmi. A ti ti òkè òkun dé, ọkọ̀ wa àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì, ó ń kun tuntun lọ́dà lọ́wọ́. Tó bá ti kùn ún tán, wọ́n á fún un ní ìsinmi. Ó ní àwọn lẹ́tà òun ti pẹ́ lójú ọ̀nà.” Ó wá rí ojú mi. “Kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ló ń ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi ò sí lára mi. Kí ni mo ṣe?”

Nígbà náà ni mo ké. Igbe tí mo ti gbé pamọ́ láti Sọ́ńdè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, máṣíìnì dákẹ́, Ìyá Àgbà sáré jáde pẹ̀lú ògì lọ́wọ́. Bàbá Àgbà ló ròyìn rẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀. Ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, “Torí ẹ̀ lo ṣe gbé sísọ́ọ̀sì mi pamọ́?” Mo ní n kò fẹ́ kí wọ́n máa rán aṣọ fún ẹni tó ti kú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ iṣẹ́ wọn ń wọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan wọn, níbi tí ojú pankẹ́rẹ́ ti wú, wọ́n ń fi òrí pa á, wọ́n ń wí pé, “Àjíkẹ́, má bínú. Àjíkẹ́ mi, má bínú,” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni omijé ń jábọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Ìyá kì í sábà bẹ ọmọ nílé wa. Èmi náà ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí, mo sì mọ iye tó ná wọn. Ìyá Àgbà wo gbogbo wa, wọ́n wo láítà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, wọ́n ní, “Ọkọ mi, ẹ mu tábà yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òní nìkan ni o.”

Bàbá mi dé nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé sáré lọ pàdé wọn, èmi nìkan ni n kò lọ. Ìdí ààrò ni mo jókòó sí, mò ń fẹ́ iná tó ti ràn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún bàbá mi lójú ọ̀nà, mo rí i lójú wọn bí wọ́n ṣe wọlé. Wọ́n jókòó sínú eérú pẹ̀lú aṣọ funfun, Ìyá Àgbà ń pariwo pé aṣọ náà ti bàjẹ́, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé pé àwọn sọ̀rọ̀ yẹn lójú mi, pé ẹ̀bi àwọn ni. N kò bìkítà nípa ẹ̀bi. Mo ní, “Ẹ ò ní lọ mọ́?” Wọ́n ní, “Màá lọ. Lẹ́yìn ọdún tuntun.” Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lónìí pé wọn kò tàn mí. Mo ní, “Ó dáa, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?” Ìbéèrè yẹn ni bàbá mi gbé lọ sójú omi.

Láti ìgbà náà, gbogbo lẹ́tà tí wọ́n kọ sílé, ẹni yòówù kí wọ́n kọ ọ́ sí, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í yí padà: Àjíkẹ́, mo wà láàyè. Ìyá Àgbà bínú títí, wọ́n ní irú lẹ́tà wo ni èyí tí kò kọ́kọ́ kí ìyá ẹni, bàbá mi kò yí i padà. Wọ́n kọ ọ́ láti èbúté tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kù nílé yẹn ti lọ sinmi. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé báyìí, ní Òkè-Ogbó. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Orúkọ àwọn ọkọ̀ ti lọ, àwọn ọmọ mi ń pààrọ̀ mọ́ra wọn lójú wọn, ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n á bi mí bóyá àwọn ti jẹun nígbà tí abọ́ ṣì wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé tíì wọlé láàárọ̀, kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ti yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Àjíkẹ́, mo wà láàyè.” Màá ní, “Mo rí yín, Bàbá.” Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń kí ara wa.